Ìtàn Tí Kì Í Ṣe Tirẹ̀

"Chancelle, ó kàn ọ́. Ka tìrẹ fún wa."

Aristide ló sọ bẹ́ẹ̀. Òun ni olùdarí eré náà, nítorí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbé ìwé eré ọ̀hún bọ̀ láti Kùtọnu. Gbogbo ọ̀sán Sátidé ni àwọn mẹ́rin kan, tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì kan náà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, máa ń jókòó yí tábìlì ká lábẹ́ igi máńgòrò ilé bàbá rẹ̀ ní Ṣábẹ̀ẹ́. Wọ́n á da ọmọ lúdò, wọ́n á sì máa fi ẹnu rìn kiri ilẹ̀ kan tí kò sí níbì kankan láyé, níbi tí ejò ti ń fò, tí òkúta ń sọ̀rọ̀. Olúkúlùkù ló ní ẹ̀dá-ìtàn tirẹ̀. Jagunjagun ni ti Régis, oníṣègùn ni ti Tolúlàṣẹ. Chancelle ní tirẹ̀ mú akọ̀wé, obìnrin kan tó ń jẹ́ Abẹ̀kẹ́, tó jẹ́ pé ohun tó bá kọ sínú ìwé ló ń ṣẹ. Ṣùgbọ́n kí Abẹ̀kẹ́ tó lè wọnú eré, Chancelle gbọ́dọ̀ kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀: ọmọ ta ni, kí ló lé e kúrò nílé?

Èyí tó kọ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ẹ̀rín ni wọ́n fi í rín. "Ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ ni," ni Régis wí. Ọ̀rọ̀ náà dun Chancelle wọ egungun, nítorí pé òun ló máa ń gba ipò kìíní nínú àròkọ.

Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó sì ń kà:

"Olùkọ́ ni bàbá Abẹ̀kẹ́. Ní ọjọ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èédú kọ ìṣirò sára ògiri, láti ìsàlẹ̀ títí dé òkè. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò rí. 'Ẹ̀yin ìràwọ̀ mi,' ló ń pè wọ́n, 'ta ni yóò dá mi lóhùn?' Ìyá Abẹ̀kẹ́ sọ fún gbogbo ìlú pé ọkọ òun ti lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú òkèèrè. Irọ́ ni. Ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú ni wọ́n mú un lọ. Ni Abẹ̀kẹ́ bá mú kálámù, ó ń kọ̀wé ní ọ̀sán, ó ń kọ̀wé ní òru, bóyá ohun tó ń kọ á lè mú bàbá rẹ̀ padà wálé."

Nígbà tó parí, Tolúlàṣẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Aristide bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, àwọn yòókù sì dara pọ̀ mọ́ ọn. Inú Chancelle dùn dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀.

Lójijì ni Régis dáwọ́ dúró. "Ẹ̀yin ìràwọ̀ mi," ló tún un sọ, bí ẹni tó ń tọ́ nǹkan wò. "Bessé ni mo ti ṣe ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí olùkọ́ wa, Mésíyè Latifou, ṣe máa ń pè wá nìyẹn. Bàbá Faïzatou! Ṣebí wọ́n ní ó ti lọ ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Gàbọ̀n?"

Gbogbo ojú yí sí Chancelle. "Rárá" kan ṣoṣo ì bá pa ọ̀rọ̀ náà kú. Kò sọ ọ́. Ó wolẹ̀, ó pa ìwé rẹ̀ dé. Dídákẹ́ tó dákẹ́ sì dáhùn fún un.

Ọ̀rẹ́ Chancelle tímọ́tímọ́ ni Faïzatou. Ìjókòó kan náà ni wọ́n jọ ń lò nínú kíláàsì. Ní ìgbà ọyẹ́ tó kọjá, ẹ̀yìn kíláàsì ni Chancelle ti bá a tó ń sunkún, ibẹ̀ ló sì ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un: èédú, ògiri, ilé ìtọ́jú, irọ́ Gàbọ̀n. "Má sọ fún ẹnikẹ́ni o," ni Faïzatou wí. Chancelle búra.

Kò sì lè sọ pé òun ṣèèṣì. Nígbà tó ń kọ ìtàn náà, ó ti fi rọ́bà pa "ẹ̀yin ìràwọ̀ mi" rẹ́, nítorí ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà lè tú àṣírí. Ó wá ka ìtàn náà láìsí i, kò dùn mọ́. Ó mú pẹ́ńsù, ó kọ ọ́ padà. Èyí gan-an ló ń gún un láyà ní ọjọ́ Àìkú nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tó fi jẹ́ pé kò mọ ohun tí pásítọ̀ wàásù lé lórí.

Ní ọjọ́ Ajé, kí olùkọ́ tó dé, ẹnì kan ti fi ẹfun kọ ìṣirò kún gbogbo pátákó. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ̀yin ìràwọ̀ mi, ẹ bá mi kí Gàbọ̀n." Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Faïzatou dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ka pátákó náà tán. Kò wo àwọn tó ń rẹ́rìn-ín. Chancelle nìkan ló wò, lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì yípadà lọ sílé.

Kò wá ní ọjọ́ kejì. Kò wá ní ọjọ́ kẹta, tí ìdánwò àwòṣe fún BEPC, ìwé ẹ̀rí kọ́lẹ́ẹ̀jì, bẹ̀rẹ̀. Chancelle jókòó ti àyè òfìfo, ó ń wo ìbéèrè, kò rí nǹkan kan kọ. Òun tí kálámù rẹ̀ kì í sinmi!

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta yẹn, ó lọ sí ilé wọn. Ìyá Faïzatou ń yan gàrí nínú agbada. Chancelle kúnlẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, Màmá."

"Chancelle! O ṣeun tí o wá. Bá mi bi ọ̀rẹ́ rẹ o. Ó ní inú ń run òun, bẹ́ẹ̀ ni kò gba oògùn. Ìwọ ni ó lè gbọ́ràn sí lẹ́nu."

Irọ́ ti wà ní sẹpẹ́ lẹ́nu Chancelle, ó kàn kù kó tú u jáde ni. Ó gbé e mì.

"Màmá, inú kọ́ ló ń run ún. Èmi ni mo ṣe é." Ó sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àti ti rọ́bà pẹ̀lú.

Ọwọ́ ìyá náà dúró. Gàrí bẹ̀rẹ̀ sí í jóná, kò rò ó.

"Ọdún méjì ni mo fi ru irọ́ yẹn," ló wí nígbẹ̀yìn. "O rò pé ojú ló tì mí? Ọ̀rọ̀ ọkọ mi kò tì mí lójú. Ohun tí mo fẹ́ ni pé nígbà tó bá padà, kí wọ́n ṣì máa fi ọ̀wọ̀ pè é ní mésíyè."

Faïzatou ti jáde sẹ́nu ọ̀nà. Ohùn rẹ̀ kò le, kò sì rọ̀.

"Ṣé wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ọ?"

Omi bọ́ lójú Chancelle. "Wọ́n pàtẹ́wọ́."

Faïzatou wọlé padà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀lé e, Chancelle tọrọ àyè lọ́wọ́ olùkọ́, ó sì dúró níwájú kíláàsì. "Ọ̀rọ̀ tí ẹ torí rẹ̀ fi Faïzatou ṣe yẹ̀yẹ́, òun kọ́ ló sọ ọ́ fún yín. Ó fi í pamọ́ sí mi lọ́wọ́, mo jí i kọ, kí ẹ lè yìn mí. Ẹni tó bá fẹ́ fi ènìyàn ṣe yẹ̀yẹ́, èmi nìyí."

Lẹ́yìn náà ni Régis dìde. "Èmi ni mo kọ ti ara pátákó," ló wí, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. "Mésíyè Latifou ló sì kọ́ mi ní ìwé kíkà."

Wọ́n fi ìyà jẹ àwọn méjèèjì, ó sì tọ́ sí wọn. Chancelle ya ojú ìwé náà sí wẹ́wẹ́. Aristide bẹ̀ ẹ́ kó kọ òmíràn, ó kọ̀. Abẹ̀kẹ́ kò wọnú eré títí di òní.

Faïzatou padà sí kíláàsì, ṣùgbọ́n ìjókòó mìíràn ló lọ. Ó ṣe ìdánwò gidi, ó sì yege. Ní ọjọ́ tí èsì jáde, Chancelle sún mọ́ ọn.

"Faïzatou, ṣé o ti dárí jì mí?"

"Mo ti dárí jì ọ́ tipẹ́," ni Faïzatou dáhùn. Ó bá a bọ ọwọ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn oṣù méjì ni Mésíyè Latifou padà wálé, ara rẹ̀ ti le díẹ̀. Nígbà kan rí, Chancelle ni ì bá kọ́kọ́ gbọ́. Ẹnu Tolúlàṣẹ ló ti gbọ́ ọ, lẹ́yìn tí gbogbo ìlú ti gbọ́ tán.

Ìgbà náà ló tó yé e yékéyéké. Ọ̀rọ̀ tí ọ̀rẹ́ fi pamọ́ sí wa lọ́wọ́ kì í ṣe tiwa, bó ti wù kó dùn tó lẹ́nu wa. Wọ́n lè dárí ji ẹni tó tú àṣírí, wọ́n tilẹ̀ lè kí i tẹ̀rín-tẹ̀rín. Àmọ́ wọn kò jẹ́ fi òmíràn pamọ́ sí i lọ́wọ́ mọ́.