Òkun Tó Wà ní Pálọ̀ Benson

Inú omi ni Péjú ti kọ́kọ́ rí ojú Benson. Ojú náà ń mì díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn gíláàsì, ẹja pupa kan gba ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ kọjá, ohun funfun kékeré kan tó ní apá bíi ti ìràwọ̀ sì lẹ̀ mọ́ ọ̀gangan iwájú orí rẹ̀. Péjú fẹ́ sá.

"Ẹ má bẹ̀rù, Tíṣà," ni ojú náà wí. "Omi ló kàn wà láàárín wa."

Ọkùnrin náà dìde lẹ́yìn àpótí gíláàsì ńlá náà, ó ga, ó dúdú, omi ń kán lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọdún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ni, nígbà tí owó epo rọ̀bì ń ya wọ̀lú bí àgbàrá. Benson ló ni ilé ìlagi tó tóbi jù ní Orè. Iléèwé Péjú ní Odígbó ló rán an wá tọrọ pákó tí wọn yóò fi kan àga fún àwọn ọmọ. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Péjú, iṣẹ́ ìjọba ló gbé e dé ìlú òjò yìí, kò sì rí òkun rí.

"Òkun nìyí," ni Benson wí. "Ìwọ̀n tí ilé mi gbà ni mo bù."

"Ta ló wá kó ìràwọ̀ sí i?"

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Kò sẹ́ni tó kó wọn síbẹ̀."

Benson fúnra rẹ̀ ló gbé pákó náà wá. Lọ́sẹ̀ kejì, ó tún wá wò ó bóyá ó gún régé. Péjú ní, "Bùọ̀dá Benson, pákó yín kì í ṣe aláìsàn tí ẹ ó máa bẹ̀ wò."

"Kì í ṣe pákó ló ń ṣàìsàn," ni Benson dá a lóhùn.

Báyìí ni ìfẹ́ ṣe wọlé. Wọ́n á jọ jẹ bọ̀ọ̀lì lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n á máa wo àwọn ọkọ̀ tó ru ìtì igi kọjá. Bí Péjú bá sì wá sílé rẹ̀, àga ẹ̀gbẹ́ omi ló máa ń jókòó sí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òjò ṣú, jẹnẹrétọ̀ sì kú. Benson tan àtùpà. Nígbà tí Péjú yíjú, gbogbo ìràwọ̀ tó ń sá sábẹ́ òkúta bí iná bá wà ti jáde. Wọ́n bo gíláàsì níhà ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìkan, wọ́n kọ ikùn sí i. Ọ̀kan nínú wọn ń fa ara rẹ̀: apá méjì ń lọ sọ́tùn-ún, mẹ́ta ń lọ sósì, títí awọ fi ya. Kò ṣẹ̀jẹ̀. Ìdajì kọ̀ọ̀kan ń bá tirẹ̀ lọ.

"Bí wọ́n ṣe ń pọ̀ sí i nìyẹn," ni Benson wí jẹ́jẹ́. "Theresa ni. Ìyàwó mi."

Ó wá sọ ọ́. Ọmọ Ìlàjẹ ni Theresa, láti Ayétòrò. Benson fẹ́ ẹ nígbà tó ń bá àwọn tó ń wa epo nínú òkun ṣiṣẹ́. Nígbà tó mú un wá sí Orè, kò rí oorun sùn láìgbọ́ ohùn omi. Benson bẹ ọ̀gá rẹ̀ òyìnbó fún àpótí náà àti òkúta òkun ọ̀nà jíjìn, ó sì fi dúrọ́ọ̀mù gbé omi iyọ̀ wá. Oyún ló pa Theresa.

"Oṣù tí a sin ín ni ìràwọ̀ àkọ́kọ́ yọ lára òkúta. Péjú, ìwọ ni ọkàn mi fẹ́. Ṣùgbọ́n báwo ni n ó ṣe gbé ìyàwó wá sí ojú rẹ̀?"

Péjú padà sí Odígbó, kò sì wá mọ́. Ó ń gbọ́ híhó omi nínú yàrá tí kò ti sí omi. Síbẹ̀, ẹ̀rù kọ́ ló dùn ún jù. Orogún tó wà láàyè, èèyàn lè bá a jà, èèyàn sì lè bá a rẹ́. Èyí tí kò lójú, tí kò lẹ́nu, tó kàn ń pọ̀ sí i, kí ni wọ́n ń ṣe fún un?

Nígbà tí iléèwé gba ìsinmi, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Igbókọ̀dá, ó sì wọ ọkọ̀ ojú omi dé Ayétòrò. Ó bá Agnes, ìyá Theresa, nídìí ẹja tó ń yan. Ó kúnlẹ̀.

"Ìyá, mo wá tọrọ ọkọ ọmọ yín lọ́wọ́ yín."

Ìyá náà wò ó títí. "Ṣé Benson kò tíì gbà pé Theresa ti lọ?"

"Ó ní inú omi ló wà."

Agnes tún ìró ró. "Jẹ́ ká lọ wò ó."

Ọ̀sán ni wọ́n dé Orè. Benson dọ̀bálẹ̀. Agnes fa kọ́tìnì bo fèrèsé, ó ní kí wọ́n paná, nítorí Péjú ti sọ ìwà àwọn ìràwọ̀ náà fún un. Àwọn ìràwọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ìyá náà sún mọ́ gíláàsì, ó ń wò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń wá ohun tirẹ̀ nínú èrò. Nígbà tó ṣe, ó fà sẹ́yìn.

"Benson, ọmọ mi kò kéré tó báyìí."

Benson tẹjú mọ́ omi náà.

"Bí Theresa bá ń bínú, gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́. Inú òkúta òyìnbó ni nǹkan wọ̀nyí ti bá ọ wọlé. Ìwọ lo sọ wọ́n lórúkọ."

Benson fọwọ́ bojú, ó sunkún tí kò sun láti ọjọ́ ìsìnkú. Péjú kò lọ bá a. Ó ká apá aṣọ rẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ inú omi. Omi náà tutù. Àwọn ìràwọ̀ gun èékánná rẹ̀, wọ́n gba àárín ìka, wọ́n rọ̀ bí ahọ́n ọmọ ọwọ́. Kò fa ọwọ́ yọ. Wọ́n rìn dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń já bọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n padà sábẹ́ òkúta, bẹ́ẹ̀ ni yàrá ṣì ṣókùnkùn.

"Ó tó," ni Agnes wí.

"Màá kó gbogbo wọn dà sókun," ni Benson wí.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀," ni Péjú dáhùn. "Èmi tí mo lè fèsì ni kí ẹ máa bá sọ̀rọ̀."

Benson di ọwọ́ tútù náà mú. "Péjú mi, ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Ẹ bi Ìyá. Ọwọ́ wọn ni mo ti tọrọ yín."

Agnes gbé ọwọ́ lé wọn lórí, ó súre fún wọn ní èdè Ìlàjẹ. Péjú kò gbọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣe àmín.

Lọ́jọ́ ìtọrọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, Agnes ló jókòó síwájú nínú ẹbí ọkọ. Bàbá Péjú béèrè lọ́wọ́ Agnes pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé kí ni wọ́n jẹ́ sí ọkọ ìyàwó.

"Èmi ni ìyá ìyàwó rẹ̀," ni Agnes wí.

Bàbá tún bi í pé, "Ìyàwó wo, Ìyá?"

Agnes wo Péjú, ojú rẹ̀ kún fún omi.

"Àwọn méjèèjì," ni ó wí.