Ta Ló Ya Ojú Ìwé Agùfọn?

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni Màmá Awò ṣí dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, tó rí i pé ẹnì kan ti ya ojú ìwé kan kúrò nínú ìwé ìrìn-àjò rẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa yan ibi tí àwọn arìnrìn-àjò yóò ti lọ wo ẹyẹ. Awò tó fi ń wo ọ̀nà jíjìn kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, òun ló sọ ọ́ lórúkọ. Ojú ìwé tó sọ ibi tí àwọn ẹyẹ agùfọn ń yé sí ni. Bó bá dọ́wọ́ àwọn apẹyẹ pẹ́nrẹ́n, àwọ̀n ni wọn yóò fi kó wọn tọmọtọmọ.

Ọ̀gá ọlọ́pàá kan tí wọ́n ń pè ní Afẹ̀sọ̀bèèrè ló wá. Ó rí i pé olè náà ò já dúrọ́ọ̀, kọ́kọ́rọ́ ló fi ṣí i. Yàtọ̀ sí màmá, ènìyàn méjì péré ló mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ ń gbé: awakọ̀, àti àbúrò màmá tó ń ya máàpù.

Ọ̀gá dúró ti àwòrán agùfọn kan lára ògiri, adé aláwọ̀ wúrà lórí rẹ̀.

"Màmá, ṣé irú èyí wà láyé lóòótọ́?"

"Bí igba ló ń gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Ogún ọdún ni mo ti ń wò ó, ẹnu ṣì ń yà mí."

Ọ̀gá ti ilẹ̀kùn, ó bá màmá sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, lẹ́yìn náà ló pe awakọ̀. "Bó bá jẹ́ ìwọ ló ń yan ibi tí àlejò yóò lọ lọ́dún yìí, ibo lo máa yàn?"

"Ibi tí títì ti dáa ni tèmi o, ọ̀gá. Ẹyẹ ò lè bá mi ti mọ́tò."

Ìbéèrè kan náà ló bi àbúrò.

"Kí wọ́n lọ sórí òkè," ni ìyẹn wí. "Kí wọ́n ṣá má dé adágún ẹ̀yìn ilé bíríkì, kí wọ́n má baà da àwọn agùfọn ibẹ̀ láàmú. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

"Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ̀sọ̀ mú ọ."

"Mú mi ṣe kí ni?"

"Agùfọn kankan ò sí lẹ́yìn ilé bíríkì. Ẹ̀gbọ́n rẹ kì í kọ ibi tí ìtẹ́ ẹyẹ wà gan-an sílẹ̀. Irọ́ ló ń kọ, inú orí rẹ̀ ni òótọ́ wà. Ojú ìwé tó sọnù yẹn nìkan ló gbé agùfọn lọ síbẹ̀. Ta ló sọ fún ọ, bí kì í bá ṣe pé o kà á?"

Àbúrò jẹ́wọ́ pé òun ti tà á fáwọn apẹyẹ. Ó wá yíjú sí màmá. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ò fọkàn tán mi látọjọ́ yìí ni?"

"Ìwé ni mi ò fọkàn tán. Ìwọ, Sátidé yìí ni mo fẹ́ fúnra mi mú ọ lọ síbi tí wọ́n wà gan-an."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún ju ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tí wọ́n fi sí i lọ́wọ́ lọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọlọ́pàá kó àwọn apẹyẹ tàwọ̀ntàwọ̀n lẹ́yìn ilé bíríkì, níbi tí wọ́n ti lúgọ de ohun tí kò sí. Màmá bẹ ọ̀gá pé kó jẹ́ kí àbúrò òun bá àwọn lọ wo àwọn agùfọn lọ́jọ́ kejì.

"Màmá, yóò mọ ibẹ̀ o."

"Ẹ jẹ́ kó mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kó rí ohun tó tà."

Láàárọ̀ Sátidé, àwọn mẹ́ta dúró sínú koríko gíga létí omi. Bí oòrùn ṣe yọ, àwọn agùfọn gbéra. Ìró ìyẹ́ wọn mi àyà ènìyàn, ojú ọ̀run sì kún. Ọ̀gá ọlọ́pàá ṣí fìlà láìmọ̀. Ó fẹ́ kà wọ́n, ó dé ogójì, ó jáwọ́. Ẹwà wọn bà á lẹ́rù.

Àbúrò dorí kodò, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí ọ̀gá máa mú mi lọ. Mi ò lè wò wọ́n."

Màmá fi ọwọ́ gbé e lágbọ̀n sókè jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Wò wọ́n," ló wí.