Àwọn Ekòló Tó Ń Sá fún Oúnjẹ

Láti ọjọ́ tí Sífáwù ti dáyé, kò rí ohun ẹlẹ́mìí tó ń sá fún oúnjẹ rí. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, bó ṣe ṣílẹ̀kùn yàrá ekòló, ohun tó rí nìyẹn. Àwọn ekòló funfun, tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ, ń jáde nínú àpótí méjèèjìlá, wọ́n ń gun ògiri irin lọ sókè, wọ́n sì fi ògì tútù sílẹ̀ lórí ilẹ̀ dúdú wọn. Òórùn kíkan gba gbogbo yàrá.

"Amójútó, kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan tó dé," ẹ̀rọ náà fèsì láti inú àjà. "Ooru pé. Ọ̀rinrin pé. Oúnjẹ pé."

Gbogbo nǹkan pé, ekòló sì ń kú. Ọ̀rọ̀ náà rú Sífáwù lójú.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ekòló lásán ni o. Àgbàsókè ni ìlú irin tó ń yí òṣùpá po, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá ti ń gbé láti ìran mẹ́rin. Àwọn baba ńlá wọn gbé ẹja ìrùpupa wá láti odò ilé, odò náà sì ti gbẹ láti ìgbà náà. Wọn kì í jẹ ẹja yìí. Inú adágún dígí ló ń gbé, bí wọ́n bá sì ń sọ ọmọ lórúkọ, wọ́n á gbé ọmọ náà wá síwájú dígí kó lè fojú kan ohun tó ti odò wá. Ọdún mọ́kànlá ni ẹja náà fi yàgàn. Àfi ọjọ́ Àìkú tó kọjá, tí ẹyin pa, tí ọ̀ọ́dúnrún ọmọ ẹja jáde. Oúnjẹ tó wà nínú àpò abẹ́ ikùn wọn kò lè ju ọjọ́ mẹ́rin lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tó bá ń mira nìkan ni wọ́n máa gbé mì. Bí kò bá sí ekòló ní Ọjọ́bọ̀, kò ní sí ọmọ ẹja lọ́jọ́ kejì.

Ọ̀mọ̀wé Láníhún, ọ̀gá ilé ẹja, sáré dé, ó gbóòórùn, ó họ orí.

"Ọdún kan gbáko ni Amójútó fi wo ọwọ́ Bàbá Mùdáṣírù," ó ní. "Ohun tí Bàbá ń ṣe ló ń ṣe. Òun kì í tiẹ̀ gbàgbé. Kí ló wá bàjẹ́?"

Sífáwù dojú bolẹ̀. Ogójì ọdún ni Bàbá Mùdáṣírù fi tọ́jú ekòló kí Ọ̀mọ̀wé tó ní kí wọ́n lọ sinmi ní oṣù méjì sẹ́yìn. Òun Sífáwù ló sì fà á. Lọ́dún tó kọjá, Amójútó bi í pé, "Àwọn ọjọ́ kan wà tí Bàbá kì í fún wọn lóúnjẹ. Kí ni kí n pè é?" Ó ń kánjú lọ́jọ́ náà. "Àgbà ló dé," ó ní. "Wọ́n ń gbàgbé ni." Ẹ̀rọ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, Ọ̀mọ̀wé kà á bẹ́ẹ̀. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Wọ́n dín ooru kù, kò gbọ́. Wọ́n wọ́n omi sí i, ó tún burú sí i. Bí Amójútó sì ṣe rí i pé àwọn ekòló ń rù, ńṣe ló ń fi ògì kún ògì. Nígbà tó fi di àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, àpótí méjèèjìlá ti dákẹ́.

Sífáwù bu mọ́ínmọ́ín gbígbóná sínú abọ́, ó forí lé àdúgbò àwọn àgbà. Ó bá Bàbá lórí àga, wọ́n kọjú sí ògiri.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

"Sífáwù ọmọ Ràbí! Ọmọ ẹja mélòó ló jáde?"

"Ọ̀ọ́dúnrún, Bàbá." Ló bá rò fún wọn bí ekòló ṣe kú tán. Ó gbé abọ́ síwájú wọn. "Ẹ kọ́kọ́ fi nǹkan sẹ́nu ná."

"Gbé e síbẹ̀. Ó dìrọ̀lẹ́. Àlàmísì lòní."

"Ààwẹ̀ ni? Ṣé gbogbo Àlàmísì ni?"

"Àti gbogbo Àtìní. Ó ti lé lógójì ọdún."

"Ẹ ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Ààwẹ̀ tí èèyàn bá ń pariwo rẹ̀, ṣé ààwẹ̀ nìyẹn?" Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ká sòótọ́, n kì í po ògì ekòló lọ́jọ́ ààwẹ̀ torí pé òórùn rẹ̀ máa ń dán mi wò. Ìgbà tó yá ni mo rí i pé ó bá àwọn náà lára mu. Lọ́jọ́ tí wọn ò bá rí tuntun, wọ́n á jẹ ìyókù àná tán, ilẹ̀ wọn ò sì ní kan. Àṣejù, baba àṣetẹ́."

"Bàbá, wọ́n ní ẹ ń gbàgbé."

"Mo gbọ́. Ẹni tí wọ́n bá ti ní ó ń gbàgbé, ta ni yóò gbọ́ àwíjàre rẹ̀?"

Sífáwù fẹ́ sọ pé òun ló sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìtìjú kò jẹ́. Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fa ife kan jáde lábẹ́ ibùsùn. Ilẹ̀ dúdú wà nínú rẹ̀, ekòló funfun sì ń yí gbirigbiri nínú ilẹ̀ náà.

"Ọjọ́ tí wọ́n ní kí n máa lọ ni mo bu díẹ̀. A kì í kó gbogbo irúgbìn sínú àká kan." Wọ́n gbójú sókè. "Ọmọ ẹja mélòó lo ní ó jáde?"

Sífáwù tún dáhùn. Ó rò pé ayọ̀ ló ń ṣe wọ́n.

Nígbà tí wọ́n dé ilé ẹja, Ọ̀mọ̀wé Láníhún na apá dí ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, a ò tíì yẹ ilẹ̀ yẹn wò. Bí àrùn bá wà nínú rẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ yẹ àwọn ọmọ ẹja wò ná, Ọ̀mọ̀wé. Ebi kì í dúró de àyẹ̀wò."

Ọ̀mọ̀wé bojú wẹ̀yìn. Àwọn ọmọ ẹja ti ń dùbúlẹ̀ nísàlẹ̀ dígí. Ó yà kúrò lọ́nà.

Ohun tó wà nínú ife kò ju ti ogójì ẹja lọ, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ṣẹ́ díẹ̀ kù fún irúgbìn. Sífáwù ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣa ogójì tó ṣì lágbára sọ́tọ̀. Lọ́jọ́ kejì, òun náà ló fi àwọ̀n kó òkú ọ̀tàlúgba yòókù, ó sì sunkún bí ọmọdé.

Wọ́n dá Bàbá padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n sọ fún Amójútó pé kó má fún ekòló lóúnjẹ ní Àtìní àti Àlàmísì, ìyẹn ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀. Ogójì ẹja náà ń jẹun, ọkàn ìlú balẹ̀.

Ọjọ́ Àtìní kan, Sífáwù wọlé, ó bá Bàbá tí wọ́n ń pín ògì tútù sínú àpótí, búrẹ́dì wà lọ́wọ́ kejì, wọ́n sì ń jẹ ẹ́.

"Bàbá... Àtìní lòní."

Ọwọ́ Bàbá dúró. "Àtìní? Ṣebí àná ni Àtìní?" Wọ́n wo búrẹ́dì ọwọ́ wọn bí ẹni pé ẹlòmíràn ló fi í síbẹ̀. Ojú wọn dàrú. Oṣù méjì ni wọ́n fi kọjú sí ògiri, láìsí ẹni tó bi wọ́n ní nǹkan, láìsí iṣẹ́ tí wọ́n lè fi mọ ọjọ́. Ohun tí kò ṣe wọ́n tẹ́lẹ̀ ti ń ṣe wọ́n báyìí.

Ohùn dún láti inú àjà. "Oúnjẹ ti wọ inú àpótí. Òní kì í ṣe ọjọ́ oúnjẹ. Kí ni kí n pè é?"

Sífáwù ti ọwọ́ bọ inú ilẹ̀ dúdú, ó ń fi ìka ko ògì náà jáde díẹ̀díẹ̀.

"Èmi ni mo fi í síbẹ̀," ó ní. "Orúkọ mi ni kí o kọ."