Ìlà Dúdú Lẹ́yìn Táìlì

Òkúta náà kì í ṣe wúrà. Ẹ ti fura bẹ́ẹ̀, ẹ ò sì jẹ̀bi. Ọkùnrin tó bá ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ojú òun kì í tàsé, gbogbo wa la mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa já sí. Ti ìfẹ́ inú ọ̀rọ̀ náà ni ẹ ò tíì gbọ́.

Iṣẹ́ wíwo òkúta ni ọkùnrin náà ń ṣe. Òun ni ilé-iṣẹ́ tó ń wa ilẹ̀ máa ń rán lọ sórí òkè láti lọ mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ojú-Kì-í-Tàsé ni wọ́n ń pè é. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní irungbọ̀n tó máa ń fi òróró pa láàárọ̀ àti lọ́sàn-án.

Lọ́jọ́ tí òun àti ọmọbìnrin tó máa padà fẹ́ kọ́kọ́ pàdé, ó wọ yàrá tí wọ́n ti ń yẹ òkúta wò, ó gbé òkúta méjì tó ń dán bí abẹ tuntun ka orí tábìlì.

"Òjé ni méjèèjì," ó ní. "Ẹ kàn kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ti wò ó."

Ọmọbìnrin tó jókòó níbẹ̀ dúdú, ara rẹ̀ sì ń dán. Adúmáadán ni gbogbo wọn ń pè é. Kò tiẹ̀ wo àwọn òkúta náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé ọ̀kan sí ọwọ́ ọ̀tún, ó gbé èkejì sí ọwọ́ òsì, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá, ẹ bá mi dì wọ́n mú."

Ó gbà wọ́n. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ tó yó. Ọwọ́ òsì ò mọ̀ pé òun gbé nǹkan kan.

"Òjé ni èyí tó wúwo. Èkejì ni wọ́n fi ń ṣe inú dúdú pẹ́ńsùlù ìkọ̀wé." Ó mú èyí tó fúyẹ́, ó fi kọ ọ́ sórí bébà pé: kì í ṣe òjé. Ó hàn ketekete. "Ẹ nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín náà, ọ̀gá. Ibi tí ẹ fọwọ́ kàn ti dúdú."

Inú ìbá bí ẹlòmíràn. Ti Ojú-Kì-í-Tàsé yàtọ̀: ìfẹ́ ló gbé e. Láti ọjọ́ náà, òkúta tí kò ní nǹkan kan í ṣe ní yàrá yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í dé ibẹ̀. Ó ṣa òkúta etí títì wá. Ó tún gbé èyí tó gbé wá lọ́sẹ̀ tó kọjá padà wá. Adúmáadán fi òòfà kan gbogbo rẹ̀ wò, ó fi ìṣó ha á, ó ń rẹ́rìn-ín. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, "ọ̀gá" ti di "olólùfẹ́ mi".

Ìgbà náà ló gbé òkúta kan dé, tó tó ẹyin ẹyẹlé, tó pọ́n yòò, tó ń kọ mànà.

"Adúmáadán mi, wúrà nìyí. Ọwọ́ mi ni mo fi wà á. Fi ṣe òrùka, kí o sì fẹ́ mi."

Ó gba òkúta. Nígbà tó yá, ó gba ọkọ náà pẹ̀lú. Ó wá ku bàbá.

Bàbá ọmọbìnrin yìí ti fi ogójì ọdún rọ wúrà kó tó fẹ̀yìn tì. Oníjìbìtì kan ti fi òrùka ayédèrú fẹ́ àbúrò rẹ̀ obìnrin rí, ó kó ẹrù rẹ̀ lọ, kò sì padà mọ́. Nítorí náà, nígbà tí Ojú-Kì-í-Tàsé jókòó sí pálọ̀ wọn lọ́sàn-án Sátidé, bàbá ò bi í nípa ilé, kò bi í nípa iṣẹ́. Ó kàn na ọwọ́.

"Wúrà tí wọ́n ń sọ dà?"

Nígbà tí òkúta náà dé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, bàbá jù ú sókè díẹ̀, ó hán an. Wúrà tó tóbi tó yẹn ìbá ti tẹ ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀. Ojú bàbá yí padà. Ó dojú táìlì funfun kan dé, ó fi òkúta náà ha ẹ̀yìn rẹ̀ tí kò dán. Wúrà gidi, ìlà tó pọ́n bíi tirẹ̀ ló máa ń fà. Ìlà tí èyí fà dúdú bí èédú.

Adúmáadán tẹjú mọ́lẹ̀.

"Ọmọ mi," bàbá sọ fún ọkùnrin náà, ohùn rẹ̀ sì tutù ju bó ṣe yẹ lọ, "tí a bá fi òòlù gbá a ńkọ́?"

Ìyá ọmọbìnrin náà di apá àga mú. Ìbéèrè tí wọ́n bi oníjìbìtì ọjọ́sí nìyẹn, tó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bà á jẹ́."

"Ẹ mú òòlù wá, bàbá!" Ojú-Kì-í-Tàsé ti ká apá aṣọ. "Ìdọ̀tí ara rẹ̀ ló fa ìlà dúdú yẹn. Wúrà kì í fọ́, ńṣe ló máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ̀yin ẹ sinmi, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbá a."

Ó gbá a. Iná ta pàrà. Òkúta fọ́ yángá, ó tú ká gbogbo pálọ̀; òórùn bíi ti ìṣáná gba ilé kan; ègé kan bọ́ sínú ife tíì bàbá.

Ọkùnrin náà kúnlẹ̀, ó ń ṣa àfọ́kù. Ó gbé ọ̀kan súnmọ́ ojú, ó yí i, ó tún un yí.

"Bàbá," ó ní, omijé ti fẹ́ máa bọ́, "mo wò ó o. Mo wò ó dáadáa."

Ni bàbá bá bú sẹ́rìn-ín, bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀.

"Ìyá ọmọ, ṣé o rí i? Kì í ṣe olè! Òmùgọ̀ lásán ni!"

"A dúpẹ́ o!" Ìyá fi etí aṣọ nu ojú. "Òmùgọ̀ ṣeé kọ́. Ta ló ń rí olè kọ́?"

"Àyà mi ti ń já láti àárọ̀," bàbá ní. "Máa fẹ́ ẹ, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ìwọ ni kí o máa rajà o, Adúmáadán. Ọkùnrin yìí, wọ́n á ta ara rẹ̀ fún un, á sì rà á."

Ìtìjú kì í pẹ́ lára ẹni tó fẹ́ràn ara rẹ̀. Kí Adúmáadán tó sìn ín dé géètì, ó ti na àyà, ó ti ń fọwọ́ tún irungbọ̀n ṣe.

"Kò burú, kì í ṣe wúrà," ó ní. "Àmọ́ ó kúkú ṣiṣẹ́ tí mo bẹ̀ ẹ́. Bó ṣe ń dán yẹn náà ló jẹ́ kí o gbà láti fẹ́ mi."

Adúmáadán mú ọwọ́ rẹ̀.

"Olólùfẹ́ mi, ọ̀sán ọjọ́ tí o gbé e fún mi ni mo ti ha á wò níbi iṣẹ́. Ọjọ́ kejì ni mo tó gbà láti fẹ́ ọ."