Imú Tó Kọ̀ Láti Gbóòórùn Búrẹ́dì

"Ẹ̀yin ará ilé yìí, ṣé ẹ ò rí èéfín ni?"

Èmi ni mo pariwo bẹ́ẹ̀ láti iwájú ṣọ́ọ̀bù níbi tí mo máa ń jókòó sí tajà. Kí n tó dìde, ọmọ mi obìnrin ti sáré wọ ibi ààrò, ó sì ti fa páànù búrẹ́dì jáde. Gbogbo rẹ̀ ti dúdú bí èédú. Ọmọ tirẹ̀, ìyẹn ọmọ ọmọ mi, dúró sí ẹ̀gbẹ́ ààrò náà gan-an, ó ń wò wá bí ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi yà wá lẹ́nu. Ní ilé búrẹ́dì tiwa, a kì í wo aago. Ààrò bíríkì la ní, igi la fi ń dáná sí i, iná igi kì í sì í jó bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Imú la fi ń mọ ìgbà tí búrẹ́dì jinná. Òórùn ìyẹ̀fun tútù á kọ́kọ́ lọ, ti bọ́tà á tẹ̀ lé e, tí òórùn ṣúgà tó ń pọ́n bá ti wọlé, ẹ yọ ọ́, ẹ má bi ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo ní imú yẹn nígbà tí mo dá iṣẹ́ náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ti ọmọ mi obìnrin, kí Ọlọ́run má bínú, ẹwà lásán ló wà fún. Ọmọ ọmọ mi ló jogún tèmi. Láti kékeré ló ti máa ń pàṣẹ fún wa pé, "Màmá àgbà, ó ti tó." Tí a bá sì yọ ọ́, á ti tó lóòótọ́. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Agbóòórùn.

"Ọkàn rẹ̀ ò sí níbí," ni ìyá rẹ̀ wí, ó ń da búrẹ́dì jíjó náà sínú garawa. "Ìdíje ló ń rò."

Ìdíje wà lóòótọ́. Ilé ẹ̀kọ́ wọn ti wọ àṣekágbá ìdíje àríyànjiyàn àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama, ohun tí wọn ò ṣe rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, Agbóòórùn tèmi yìí sì ni olórí asọ̀rọ̀ wọn. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń bá búrẹ́dì jiyàn. Á tò wọ́n sórí tábìlì, á ní, "Alága ìjókòó, ẹ̀yin adájọ́ tí kì í ṣègbè, olùṣọ́ àkókò tí kì í ṣàṣìṣe." Mo máa ń sọ fún un pé kò ní í rí adájọ́ tó dára tó búrẹ́dì láéláé, torí wọn kì í dá ọ̀rọ̀ mọ́ èèyàn lẹ́nu. Ọ̀tunla ni wọ́n ń lọ.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, nọ́ọ̀sì wá sí ilé ẹ̀kọ́ wọn, ó fún àwọn ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára Kòrónà. Ó ti kìlọ̀ fún wọn pé ara lè gbóná díẹ̀, kí apá sì máa dùn wọ́n fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ náà ní orí ń fọ́ òun, tí òtútù sì ń mú òun, kò sẹ́ni tó jáyà nínú wa. Ìyá rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ ni. Tíṣà wọn ní abẹ́rẹ́ ni. Bàbá tó ń la igi fún wa pàápàá, tí kò gba abẹ́rẹ́ kankan rí láyé rẹ̀, òun náà ní abẹ́rẹ́ ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí búrẹ́dì jó, mo lọ mú ìyẹ̀fun nínú yàrá ẹrù. Mo bá ọmọ ọmọ mi níbẹ̀, ó ti gbé agolo ìwúkàrà sí imú. Ó gbé e sílẹ̀, ó mú ìlàjì àlùbọ́sà, ó fà á símú títí. Lẹ́yìn ìyẹn ló ṣí ìgò kẹrosíìnì.

"Kí lò ń ṣe, ọkọ mi? Ṣé o fẹ́ mu ún ni?"

Ó fi ẹ̀yìn rìn kúrò lọ́dọ̀ mi. "Màmá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró síbẹ̀ yẹn. Ẹ má sún mọ́ mi."

"Kí ló dé?"

"Mi ò gbóòórùn nǹkan kan. Kò sí èyí tí mo gbọ́ nínú gbogbo wọn."

"Ọ̀fìnkìn ni," mo ní.

"Imú mi ò dí, mò ń mí dáadáa. Mo bi nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ yẹn pé kí ni abẹ́rẹ́ náà lè fà. Ó dárúkọ ibà, ó dárúkọ orí fífọ́ àti apá dídùn. Kò dárúkọ imú. Kòrónà ni wọ́n ní ó máa ń pa imú."

Mo padà sẹ́nu ilẹ̀kùn. Ẹ ṣáà ti mọ̀ pé àgbàlagbà ni mí. Lọ́dún tó kọjá, òtútù àyà gbé mi dé ilé ìwòsàn, rọ́bà ni wọ́n fi sí mi nímú kí n tó lè mí. Èmi náà ti gba abẹ́rẹ́ tèmi, ṣùgbọ́n dókítà ti sọ fún mi pé irú àyà tí mo ní yìí, kí n ṣì máa ṣọ́ ọ.

Ibẹ̀ la wà tí Gbajúmọ̀ fi dé. Ọ̀rẹ́ Agbóòórùn ni, òun ni igbákejì asọ̀rọ̀, wọ́n sì fẹ́ jọ ṣe ìdánrawò. Agbóòórùn wọ ìbòmú, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó sọ ohun tó ń ṣe é àti pé òun fẹ́ lọ ṣe àyẹ̀wò.

"Àyẹ̀wò kẹ̀?" ni Gbajúmọ̀ wí. "Ṣé orí ẹ pé? Ọ̀tunla náà la ó parí ẹ̀. Fara dà á, tí a bá ti dé, kí o lọ ṣe gbogbo àyẹ̀wò tó wù ẹ́. Ta ló fẹ́ mọ̀?"

"Èmi ti mọ̀," ni Agbóòórùn fèsì.

Gbajúmọ̀ bínú, ó yí padà, kò kí mi pé ó dàárọ̀ kó tó lọ.

Ìyá Agbóòórùn náà kò fẹ́. Ó ti ra bàtà tuntun tí ọmọ náà máa wọ̀, ó sì ti sọ fún gbogbo oníbàárà wa. "Lọ sinmi," ó ní. "Tó bá di ọ̀la, á ti lọ. Má fọwọ́ ara ẹ ba iṣẹ́ ẹ jẹ́."

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Mọ́mì, ó wù mí láti lọ. Ó wù mí ju bó ṣe wù yín lọ. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ ni, àyẹ̀wò máa sọ bẹ́ẹ̀, màá sì wọ ọkọ̀ láì bẹ̀rù. Tí kì í bá ṣe abẹ́rẹ́, kí ni mò ń wá nínú ọkọ̀ tí gbogbo wa máa fún mọ́ra? Kí ni mò ń wá nítòsí Màmá àgbà?"

Ọmọ mi obìnrin wò mí, èmi náà wò ó. Òun tó ti ń bá búrẹ́dì jiyàn láti ọjọ́ yìí, ó ti borí wa, kò sì sí olùṣọ́ àkókò kankan níbẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, òun àti ìyá rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn àdúgbò. Nọ́ọ̀sì ti igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní òwú lórí bọ̀ ọ́ nímú, ó ní kí wọ́n dúró díẹ̀. Èsì jáde. Kòrónà ni.

"Ṣé abẹ́rẹ́ yẹn ló kó o ràn án?" ni ìyá rẹ̀ bèèrè.

"Rárá o, mà," ni nọ́ọ̀sì dá a lóhùn. "Abẹ́rẹ́ kì í fa Kòrónà. Ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́ dáadáa lára, ó sì jọ pé àìsàn ti wọlé ṣáájú ìyẹn. Ta ló ní kí ẹ wá?"

"Imú mi ni, mà," ni Agbóòórùn wí, nọ́ọ̀sì sì rẹ́rìn-ín.

Báyìí la ṣe fi í sí yàrá ẹ̀yìn, tí à ń gbé oúnjẹ sí i lẹ́nu ilẹ̀kùn. Wọ́n yẹ èmi àti ìyá rẹ̀ wò, kò sí lára wa. Wọ́n yẹ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ wò, wọ́n bá a lára Gbajúmọ̀, láìjẹ́ pé ó wúkọ́ tàbí ó sín. Àwọn ọmọ kíláàsì ìsàlẹ̀ tí wọ́n fi ṣe arọ́pò ló lọ dípò wọn. Wọ́n gbìyànjú, wọn ò gba ife ẹ̀yẹ. Mo gbọ́ tí ọmọ ọmọ mi ń sunkún lẹ́yìn ilẹ̀kùn lọ́jọ́ yẹn, èmi náà sunkún lórí àga mi.

Lọ́jọ́ kejì, Gbajúmọ̀ tẹ̀ ẹ́ láago. Mo gbọ́, torí ariwo ni ọmọ yẹn fi ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. "Ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ," ó ní. "Èmi ni mo máa ń gbé ọmọ náà sùn lọ́sàn-án. Ká ní o dákẹ́ ni, mi ò bá ṣì máa gbé e. Jọ̀ọ́, má bínú sí mi."

Ní tiwa, ìyà búrẹ́dì jẹ wá. A ra aago, aago ò mọ iná igi. Lónìí ó funfun, lọ́la ó jó. Oníbàárà kan bi mí bóyá a ti ń ta èédú báyìí, mo ní kó máa lọ sílé ẹ̀.

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan. Ọmọ mi obìnrin dúró níwájú ààrò, ó tẹjú mọ́ aago, aago ò tíì dún. Ni a gbọ́ ohùn láti ojú fèrèsé yàrá ẹ̀yìn.

"Màmá àgbà, ó ti tó. Ẹ yọ ọ́."

Ọmọ mi obìnrin fa páànù jáde. Búrẹ́dì pọ́n láti etí kan dé èkejì. Orí mi wú, omi bọ́ lójú mi, mi ò sì nù ún.

Àwọn èèyàn ṣì máa ń bi mí pé ife ẹ̀yẹ ọmọ ọmọ mi dà. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé èmi ni, èmi tí mo jókòó síbí tí mò ń mí, àti ọmọ ọwọ́ kan tó ń rá kòrò nílé Gbajúmọ̀. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka èyí, tí ẹ bá rí nǹkan lára yín tí kò yé yín, ẹ má jẹ́ kí ohun tó ń wù yín sọ ohun tó jẹ́ fún yín. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò, kí ẹ sì dúró ti èsì rẹ̀. Ọmọ tèmi ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tí ẹ fi ń rí mi tí mò ń yangàn.