Ẹni tí Kò Dúró Níbẹ̀

Ọjọ́ tí Káfíńtà kọ́kọ́ gbé férémù wá sí ṣọ́ọ̀bù náà, ọmọbìnrin tí àwọn oníbàárà ń pè ní Aláwòrán yẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó dáhùn ìkíni rẹ̀.

"Ẹ má bínú, mi ò kì í gba nǹkan láìyẹ̀ ẹ́ wò."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ wá yẹ èmi náà wò."

Ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́! Odidi ọdún kan ló fi yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí àléébù kankan, ìfẹ́ ọkùnrin náà sì kó sí i lórí pátápátá. Ó gbà láti fẹ́ ẹ.

Ẹ má dá a lẹ́bi ìfura rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni kí ó ki ẹni tí kò sí nílé bọ inú fọ́tò ẹbí, kí ó sì jọ òótọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó ni ṣọ́ọ̀bù, tó sì tọ́ ọ dàgbà, ló kọ́ ọ.

Nígbà tí ìgbéyàwó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè é sídìí kọ̀ǹpútà.

"Àbúrò mi, jókòó. Ẹnì kan fi fọ́tò yìí ránṣẹ́ sí mi, kò sì fẹ́ kí n dárúkọ òun."

Nínú fọ́tò náà, Káfíńtà ló dúró lẹ́bàá ògiri kan, nítòsí obìnrin kan tó gbé ọmọ ọwọ́, bí ọkọ òun ìyàwó.

"Ṣé o rí i báyìí? Mo ní ọkùnrin yẹn ò ṣeé fọkàn tán."

Aláwòrán kò bi Káfíńtà ní ohunkóhun. Ọkùnrin náà pè é títí, kò gbé e. Ó wá lẹ́ẹ̀mẹta, Aláwòrán ní kí wọ́n sọ pé òun ò sí. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi tẹjú mọ́ fọ́tò náà, ó ń wo òjìji, ó ń wo etí aṣọ, kò rí ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ Káfíńtà tilẹ̀ fara pamọ́ sẹ́yìn àga bó ṣe yẹ.

Ọjọ́ karùn-ún ló rántí àwòrán eérú. Bí fóònù tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù bá ti ya fọ́tò, ó máa ń tọ́jú àwòrán kejì sínú rẹ̀, tó ń sọ bí ohun kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà tó. Ohun tó súnmọ́ a funfun, ohun tó jìnnà a dúdú. Òun ni wọ́n fi ń mọ ibi tí wọ́n máa ki ènìyàn sí, lẹ́yìn àga tàbí níwájú rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á pa á rẹ́.

Ó ṣí i. Obìnrin náà wà níbẹ̀. Ọmọ wà níbẹ̀. Àga náà wà. Níbi tí Káfíńtà dúró sí, ògiri dúdú lásán ni.

Inú rẹ̀ dùn, kó tó wá bi ara rẹ̀ léèrè. Ta ló mọ iṣẹ́ yìí dunjú, tó sì máa ń gbàgbé láti pa àwòrán eérú rẹ́? Ọdún mẹ́jọ lòun ti ń bá ẹnì kan ṣoṣo pa á rẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ẹ tún gbàgbé."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo kọ̀ǹpútà, ó wolẹ̀. "Tó o bá lọ, ta ló kù fún mi?"

"Ẹ ò bá sọ bẹ́ẹ̀ fún mi."

Eré ló sá gbé àwòrán náà dé ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà, ó sì ròyìn ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe fún un, àti bó ṣe gbàgbé láti pa àwòrán eérú rẹ́. "Olólùfẹ́ mi, wò ó! O ò sí níbẹ̀!"

Káfíńtà nu lẹ́búlẹ́bú igi kúrò lọ́wọ́. "Mo mọ̀ pé mi ò sí níbẹ̀."

"Dákun, dárí jì mí."

"Ká ní ẹ̀gbọ́n ẹ rántí pa á rẹ́ ńkọ́?"

Aláwòrán tún gbé àwòrán náà sókè.

"Mo fẹ́ràn ẹ gan-an," ni Káfíńtà wí. "Àmọ́ mi ò lè fẹ́ ẹni tó máa kọ́kọ́ bi kọ̀ǹpútà léèrè kó tó bi mí."

Ó gbé férémù ńlá tó ń ṣe fún fọ́tò ìgbéyàwó wọn, ó nà án sí i.

"Fi ẹni tó bá wù ẹ́ sínú ẹ̀. O ṣáà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

Aláwòrán gbà á. Kò yẹ igun rẹ̀ kankan wò.