Ìyá Idán Kì í Rẹ́rìn-ín Nílé

"Ta ni ìwọ?" ni ọmọkùnrin kékeré náà bi Abẹ́rẹ́ lẹ́nu géètì.

"Ìyá mi ló ń tọ́jú yín. Kọ́kọ́rọ́ ilé ni mo wá gbà lọ́wọ́ wọn."

Àbúrò ọmọkùnrin náà obìnrin wúkọ́, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Irọ́ lò ń pa! Ìyá Idán ò bímọ kankan. Àwa lọmọ wọn."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Abẹ́rẹ́ lọ́kàn. Ẹnu rẹ̀ tó mú ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ yẹn nílé ẹ̀kọ́. Ó tẹ̀ lé wọn dé pálọ̀.

Ìyá rẹ̀ wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ ìbọ̀sẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ náà sì ń fọhùn bí arúgbó tí eyín ti ká tán. "Ọmọ mi, gbà mí o! Bí o ò bá mu oògùn yìí, ikọ́ rẹ á gbé mi lọ!" Ọmọbìnrin náà la ẹnu gbàgà, ó gbé oògùn mì láìjanpata. Ìyá Abẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú.

Abẹ́rẹ́ ò rántí ìgbà tó gbọ́ ẹ̀rín yẹn gbẹ̀yìn. Nílé tiwọn, ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ kì í ju "Ṣé o ti fọ abọ́?" lọ, á sì sùn lọ sórí àga pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀.

Bí ìyá rẹ̀ ṣe lọ mú kọ́kọ́rọ́ wá, Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú àwọn ọmọ náà.

"Ẹ gbọ́. Kò sí idán kankan níbí. Ìbọ̀sẹ̀ lásán nìyẹn. Owó oṣù ló ń mú wọn rẹ́rìn-ín fún yín. Ẹ̀fọn ni wọ́n ń pè yín nílé, pé ẹ ti fa ẹ̀jẹ̀ àwọn gbẹ."

Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ìyá rẹ̀ ti sọ ọ́ rí, lọ́jọ́ kan tó rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu.

Ọmọbìnrin náà sá pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Abẹ́rẹ́ gba kọ́kọ́rọ́, ó lọ, inú rẹ̀ ń dùn bíi tẹni tó gbẹ̀san.

Ayọ̀ náà ò tọ́jọ́. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀sán ò tíì pọ́n tí ìyá rẹ̀ fi wọlé. Àwọn ọmọ ò jẹ́ kó fọwọ́ kàn wọ́n. Ìyá wọn, tó jẹ́ lọ́yà, bi í bóyá ó pe àwọn ọmọ òun ní ẹ̀fọn. Kò lè sẹ́. Wọ́n ní kó máa lọ.

"O fẹ́ kí n jókòó tì ẹ́," ló sọ fún Abẹ́rẹ́. "Ó dáa, mo ti jókòó."

"Mi ò ní kí wọ́n lé yín!"

"Kí lo wá rò pé wọ́n máa ṣe? Kí wọ́n gbé mi jó?"

"Ẹ ń bá wọn ṣeré! Ẹ ń bá wọn rẹ́rìn-ín! Kí lẹ ń mú bọ̀ fún èmi? Ojú kíkorò!"

"Iṣẹ́ ni ẹ̀rín yẹn! Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti tán lára mi."

"Ẹ ò ṣẹ́ díẹ̀ kù fún mi rí."

Ìyá rẹ̀ dìde. Ó wọ yàrá, ó pa ilẹ̀kùn dé gbàù. Láti ọjọ́ náà, ńṣe ni wọ́n ń kọjá lára ara wọn bí orogún.

Nígbà tó yá, ìyá náà ríṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń fọṣọ, níbi tó ti ń lọ aṣọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Lọ́jọ́ tí Abẹ́rẹ́ rí i pé áyọ́ọ̀nù ti jó o lápá, ó gba ilé lọ́yà lọ.

Lọ́yà ò ṣí géètì. "Kí lo tún wá sọ fún àwọn ọmọ mi?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, èmi ni mo jẹ̀bi. Ẹ gba ìyá mi padà."

"Ẹlòmíì ti gbaṣẹ́. Ọmọbìnrin mi ò sì la ẹnu fún oògùn mọ́. Ńṣe là ń dì í mú, tá a ń rọ ọ́ sí i lẹ́nu. Ṣé o rí ohun tó o ṣe? Kúrò níbí."

Abẹ́rẹ́ délé, ó rò ó fún ìyá rẹ̀. Ìyá náà ò gbá a mọ́ra. Ó ń fi ìpara ra ojú iná náà lọ ni.

"Èmi lo bínú sí," ló sọ níkẹyìn. "Kí ló kan ọmọ ọlọ́mọ níbẹ̀?"

"Ká ní mo sọ fún yín ni, ṣé ẹ̀ bá gbọ́?"

Ìyá rẹ̀ fi ìdérí dé ìpara náà. "Mi ò mọ̀. Bóyá ǹ bá gbá ẹ létí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ ọ́ ni kó o kojú. Ẹni tó bá fi ìbínú sọ òkò lu aláìṣẹ̀, òkò náà kì í ṣàì bá ará ilé rẹ̀."